Ọwọ́ Ta Ló Fọ Ẹṣin? Ìtàn Àwọn Ọ̀rọ̀ Ìmọ́tótó àti Oge Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ní Peckham, àdúgbò kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí èdè Yorùbá kì í ṣe àjèjì, ọmọkùnrin kan lè jáde nílé láàárọ̀ Sátidé láti lọ gé irun. "Male grooming" ni ọ̀pọ̀ onígbàjámọ̀ òde òní ń kọ sára ṣọ́ọ̀bù wọn: irun gígé, irùngbọ̀n títò, ojú fífọ̀. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ọmọ yìí kan náà lè mú lẹ́tà bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ pé kí àwọn òbí ṣọ́ra fún "grooming". Lẹ́tà náà kò bá irun wí rárá. Àgbàlagbà tó ń fi ẹ̀bùn àti ọ̀rọ̀ dídùn fa ojú ọmọdé mọ́ra kó lè bà á jẹ́, òun ni wọ́n ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀ síra lójú, wọn kò yàtọ̀ síra létí. Òbí tó bá mọ ìtumọ̀ àkọ́kọ́ nìkan yóò rò pé irun ọmọ òun ni olùkọ́ ń sọ, yóò sì ká lẹ́tà náà síbi kan.

Ọ̀nà wo ni ọ̀rọ̀ kan gbà rìn láti orí irun gígé dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá? Ìbéèrè yìí ló bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ fún ẹni tó mọ́, tó gún régé, tí aṣọ bá lára mu: groomed, neat, tidy, smart, trim, spruce, dapper. Ẹni tó bá tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan yóò rí i pé díẹ̀ nínú wọn ló ti ara ẹwà wá. Ọwọ́ ènìyàn lèyí tó jinlẹ̀ jù nínú wọn ti ṣẹ̀: ọwọ́ ìránṣẹ́, ọwọ́ oníṣẹ́ awọ, ọwọ́ ẹni tó ń ya irun fún ẹlòmíràn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ ń pòórá nínú ọ̀rọ̀, ìdájọ́ ló ń ṣẹ́ kù: ta ló mọ́, ta ni kò mọ́, ta ló yẹ kó wọlé, ta ló yẹ kó dúró síta.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹṣin. Láàárín ọdún 1200 sí 1300, "grom" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọmọdékùnrin, ibẹ̀ ló sì gbà di ìránṣẹ́kùnrin. Títí dòní, àwọn onímọ̀ èdè kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1600, iṣẹ́ kan pàtó ló ti ń dúró fún, ìyẹn iṣẹ́ olùtọ́jú ẹṣin. Ẹni yìí ni yóò jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí yóò kó ìgbẹ́ ẹṣin, tí yóò fi búrọ́ọ̀ṣì gba ẹrẹ̀ àti òógùn kúrò lára rẹ̀, tí yóò yẹ pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, tí yóò sì ya irun ọrùn rẹ̀. Bí ẹṣin bá ń dán lójú pópó, òun ló dán an, ẹni tó gùn ún kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800 ni orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ di ọ̀rọ̀-ìṣe, wọ́n ní ènìyàn ń "groom" ẹṣin. Kò tó àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ènìyàn, nígbà tó sì yá, wọ́n ń pe bọ̀rọ̀kìnní tó múra dáadáa ní ẹni tó "well-groomed". Orúkọ ìránṣẹ́ di oríkì ọ̀gá. Kò sì sẹ́ni tó rántí ọmọ tó mú búrọ́ọ̀ṣì dání mọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ ilé ẹṣin mìíràn rí ojúure ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Marshal", tó wá di oyè ọ̀gágun, láti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ méjì ní ìdílé èdè Jámánì ló ti wá, ọ̀kan ń jẹ́ ẹṣin, èkejì ń jẹ́ ìránṣẹ́. "Constable", tí wọ́n fi ń pe ọlọ́pàá ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Látìnì ni, ìjòyè tó ń bójú tó ilé ẹṣin ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí kò yẹ kó ya ọmọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu. Olókùn-ẹṣin Aláàfin kì í ṣe ìránṣẹ́ yẹpẹrẹ, oyè ńlá ni, ó sì wà lára àwọn abọ́bakú láyé àtijọ́. Ẹni tó bá di okùn ẹṣin ọba mú, ẹ̀mí ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́.

Ibì kan tún wà tí "groom" gbà wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "brydguma" ni ọkọ ìyàwó ń jẹ́, "guma" sì ni ọkùnrin. Nígbà tó yá, "guma" kú mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ní àwọn ọdún 1500, àwọn tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí mọ́ fi "groom", ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀, dí àlàfo rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ ṣe jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó nìyẹn, àsìse etí lásán ló sì fà á.

Ìránṣẹ́ kan tún wà láàfin Ọba Henry Kẹjọ tí wọ́n ń pè ní "Groom of the Stool". Àga ìyàgbẹ́ ọba ni "stool" tí wọ́n ń wí. Iṣẹ́ onítọ̀hún ni kó wà lọ́dọ̀ ọba nígbà tó bá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kó gbé omi àti aṣọ ìnura fún un. Ẹni tó bá sún mọ́ ọba tó bẹ́ẹ̀, kò sí àṣírí ìjọba tó lè pamọ́ fún un, nítorí náà àwọn ọmọ ìdílé ńlá ló ń du ipò ọ̀hún. Sir Henry Norris ló wà níbẹ̀ ní 1536 tí wọ́n fi fẹ̀sùn kàn án pé ó bá Olorì Anne Boleyn ṣe àgbèrè. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Wọ́n yí orúkọ oyè yìí padà díẹ̀ nígbà tó yá, àmọ́ ó wà títí di ayé Ọba Edward Keje, tó fòpin sí i ní 1901.

Láti orí àga ọba, ó súnmọ́ ká yà sọ́dọ̀ "toilet", ọ̀rọ̀ tí ìrìn-àjò rẹ̀ gùn jù nínú gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ oge. Nínú èdè Faransé, "toile" ni aṣọ, "toilette" sì ni aṣọ kékeré. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1500, aṣọ tí wọ́n fi ń di ẹ̀wù ni. Ní àwọn ọdún 1600, ó di aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣe oge. Láti orí aṣọ, orúkọ náà bọ́ sórí tábìlì fúnra rẹ̀, ó bọ́ sórí òòyà àti ìyẹ̀fun tó wà lórí tábìlì, ó sì di orúkọ fún ìmúra lódindi. Nínú ewì tí Alexander Pope ṣe nípa ìdì irun kan tí wọ́n gé lórí omidan, èyí tó tún gbé jáde ní 1714, "toilet" ni tábìlì tí ọmọ ọ̀dọ̀ ti ń ṣe ọ̀gá rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ló di yàrá ìmúra. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilé ìyàgbẹ́ wọ inú yàrá ìwẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1800, orúkọ náà bá a lọ, kò sì padà mọ́.

Lónìí, ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ "tọ́lẹ́ẹ̀tì" kò ní ronú kan aṣọ láéláé. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà débẹ̀ kò ṣàjèjì sí i. Ta ló máa ń pe ohun ọ̀hún lórúkọ rẹ̀ láàárín àlejò? Àwọn àgbà wa á ní àwọn fẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé, gbogbo ilé á sì ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọwọ́ ìránṣẹ́ mìíràn wà nínú "shampoo", ọwọ́ yìí sì ní orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Láti Íńdíà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, láti inú ọ̀rọ̀ Híńdì tó túmọ̀ sí kéèyàn tẹ ẹran ara, kó wọ́ ọ bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣòwò níbẹ̀ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1762. Irun kò sí nínú rẹ̀ nígbà náà, ara wíwọ́ ni. Ẹni tó gbé e dé àárín ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Sake Dean Mahomed, tí wọ́n bí ní Patna ní 1759, tó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun East India Company ṣiṣẹ́, tó sì kó lọ sí Cork ní Ireland ní 1784. Ní 1794 ó gbé ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ jáde, ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ Íńdíà kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1810 ó ṣí ilé oúnjẹ Íńdíà àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò pẹ́ tí gbèsè fi wó òwò náà.

Ó kó lọ sí Brighton ní etíkun, ó sì ṣí ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ooru omi gbígbóná àti òróró wọ́ ara fún àwọn tí oríkèé ń ro. Òkìkí rẹ̀ kàn débi pé Ọba George Kẹrin fi í ṣe "shampooing surgeon" tirẹ̀, William Kẹrin náà sì fi í sípò kan náà. Mahomed kú ní 1851. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni "shampoo" bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ sí irun fífọ̀, láti ibẹ̀ ló sì ti di ọṣẹ inú ìgò tó wà ní gbogbo sálúùnù Èkó. Ó dun ni pé ìgò náà gbajúmọ̀ ju Mahomed lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kò gba àlàyé gígùn, àmọ́ wọ́n dùn ún gbọ́. "Tidy" wá láti inú "tide", tó ń jẹ́ àkókò kó tó di ìgbì omi tó ń kún tó ń fà. Ohun tó bọ́ sásìkò ni "tidy" láyé àtijọ́. Ó di ohun tó dára, tó sì yá gágá, kó tó wá di ohun tó wà létòlétò ní nǹkan bí ọdún 1700. Yorùbá tó sọ pé ìgbà laṣọ, ìgbà lẹ̀wù ti mọ okùn tó so àsìkò mọ́ ìmúra láìka ìwé Gẹ̀ẹ́sì kankan. "Neat" nìkan ló bẹ̀rẹ̀ láti ara dídán: Látìnì ló ti wá, nínú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí nǹkan máa kọ mànà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọtí tí wọn kò bu omi là fi ń jẹ́ "neat", ìyá kan náà ló sì bí òun àti "net" tí àwọn oníṣirò fi ń pe èrè tó kù lẹ́yìn ìnáwó.

"Spruce" jẹ́ orúkọ ìlú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe Prussia, ilẹ̀ kan létí òkun Baltic, ní "Pruce" tàbí "Spruce", láti ibẹ̀ ni awọ dáradára ti ń dé tí àwọn ọkùnrin fi ń rán ẹ̀wù àwọ̀lékè. Ẹni tó bá wọ awọ Spruce ti di gbajúmọ̀, ó sì di pé ẹni tó múra dáadáa ń jẹ́ "spruce". Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Èkó ṣe pe aṣọ tí wọ́n ń hun ní ìlú òkè ní aṣọ òkè, tí orúkọ ibi tó ti wá fi mọ́ ọn lára. "Dapper" ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ jagunjagun: ní èdè àwọn ará Netherlands, akọni ni títí dòní. Gẹ̀ẹ́sì ló gba idà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi táì sí i lọ́rùn.

"Smart" ló yẹ kó dà bí ilé fún Yorùbá jù. Ìrora ló ti bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí ata ń dá sílẹ̀ lójú egbò: kí nǹkan máa ta ni. Nǹkan tó ń ta ni máa ń mú, ọ̀rọ̀ tó mú ti ẹnu ọlọ́pọlọ pípé jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọgbọ́n, tó sì di ìmúra ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700. Ará Amẹ́ríkà tó bá pe ọmọ ní "smart", ọpọlọ rẹ̀ ló ń yìn. Ará Lọ́ńdọ̀nù lè jẹ́ pé kóòtù rẹ̀ ló ń yìn. Àwa ní Nàìjíríà gba méjèèjì pọ̀, a sì ní "jáfáfá" tiwa tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le dé ni "kempt". Òòyà ló wà nídìí rẹ̀: "cemban" ni kéèyàn ya irun ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "kempt" sì ni irun tí a ti yà. Ọ̀rọ̀ rere yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, èyí tó tako ó ló yè: "unkempt", irun tí òòyà kò kàn. Nígbà tó di 1579, akéwì Edmund Spenser ti ń lò ó fún ewì tí kò dán. Ẹ̀yìn ìyẹn ló di ọ̀rọ̀ ìbániwí fún ènìyàn lódindi, tí wọ́n fi ń sọ pé onítọ̀hún kò bìkítà fún ara rẹ̀.

Ní 2014, ọ̀rọ̀ yìí dá awuyewuye sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìlànà tuntun jáde lórí ìmúra, wọ́n sì fi "matted" àti "unkempt" ṣàpèjúwe irun tó lọ́ mọ́ra, irú èyí tí Yorùbá ń pè ní dàda. Ìlànà náà tún fòfin de àwọn irun dídì kan fún àwọn obìnrin. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń sin orílẹ̀-èdè wọn nínú aṣọ ológun kò dákẹ́. Ìwé ẹ̀hónú lọ sí White House, ó lé ní 10,000 ènìyàn tó fọwọ́ sí i, àwọn aṣòfin aláwọ̀ dúdú náà sì kọ̀wé. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Chuck Hagel, akọ̀wé ètò ààbò, kéde pé wọn yóò yọ ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrò nínú ìlànà náà. Ní 2017 wọ́n gba irun dàda láàyè fún àwọn obìnrin ọmọ ogun. Lọ́dún 2019, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin CROWN, ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ka irun sí ara ohun tí agbanisíṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ fi ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

Ẹ fi ojú Yorùbá wò ó. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Dàda. Ọmọ tó bá gbé irun náà wáyé, a kì í déédéé ki òòyà bọ̀ ọ́ lórí, ọlá ni irun rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbin. Irun tí òòyà kò kàn lè jẹ́ irun tí a tọ́jú jù lọ nínú agbo ilé. Ẹni tó bá sì wo àwọn àwòrán tí ayafọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, ṣùkú àti irun olówùú àti oríṣiríṣi ọ̀nà ìdirí àwọn obìnrin Nàìjíríà, yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ tó gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ọwọ́ onídìrí tó mọ ìṣirò orí. Kí òfin pe irú irun bẹ́ẹ̀ ní èyí tí a kò tọ́jú, irọ́ ni. Òòyà ẹnì kan kò yẹ kó di òṣùwọ̀n orí gbogbo ayé.

Ohun tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin fi ojú àwọn obìnrin rí kò kéré. Ní ìparí àwọn ọdún 1300, akéwì Chaucer lo "sluttish" fún ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọkùnrin bọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, obìnrin nìkan ló kù níbẹ̀. Láti orí ìdọ̀tí aṣọ, ó di ẹ̀gàn fún ìwà lórí ibùsùn. Kí Yorùbá má sì dá ara rẹ̀ láre kíákíá: "ọ̀bùn" wà fún takọtabo, àmọ́ nígbà tí òwe máa mú ọ̀bùn tó rí ikú ọkọ tìrọ̀ mọ́, opó ló mú.

Ó wá ku "grooming" ti lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1800, àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà ti ń sọ pé wọ́n ń "groom" ẹnì kan fún ipò, bí ẹni ń pèsè ẹṣin sílẹ̀ de ọjọ́ ìdíje. Ìpèsèsílẹ̀ yìí ni àwọn tó ń dáàbò bo ọmọdé gbà lò ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n rí bí àwọn abọmọdéjẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá ti dúró ti ẹṣin rí yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi bá a mu. Olùtọ́jú ẹṣin kì í fi ipá bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń lò, ọwọ́ rẹ̀ ń kan ara ẹṣin díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, títí ẹṣin kò fi ní ta gìrì mọ́ bí ọwọ́ bá kàn án. Ìṣe yìí kan náà, lórí ọmọ ènìyàn, ìwà ọ̀daràn ni. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 2003 lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀ dárúkọ rẹ̀, òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti 2015 náà sì fòfin de ẹni tó bá gba orí kọ̀ǹpútà fa ọmọdé mọ́ra láti lè pàdé rẹ̀ fún ìbálòpọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan wà fún ẹ̀yin ògbufọ̀, ẹ̀yin oníròyìn orí rédíò àti ẹ̀yin olùkọ́. Bí "grooming" yìí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe pè é ní ìtọ́jú, ẹ má pè é ní ìmúra, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ìyá tí kò ní yé. Fífa ojú ọmọdé mọ́ra láti bà á jẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà gùn, àmọ́ kò fi ohunkóhun pamọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín ní Yorùbá tó já gaara, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń fún wọn ní fóònù tuntun tó sì ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Bí lẹ́tà bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yé yín, ẹ padà lọ bi olùkọ́ lọ́jọ́ kejì.